Ẹ Yé Di Ẹ̀bi Ru Ẹni Tó Ń Tẹ Kíbọ́ọ̀dù

Wọ́n tún ti sọ ọ́. Láti Àgọ́-Ìwòyè dé Abigi, lẹ́nu àwọn tó yẹ kó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ohun kan náà ni mò ń gbọ́: “Kọ̀ǹpútà kì í ṣàṣìṣe. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ló ṣàṣìṣe.” Wọ́n á sọ ọ́ bí ẹni pé Ifá ló fọ̀ bẹ́ẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tí iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ dàrú á sì máa tọrọ àforíjì.

Àforíjì kí ni? Òótọ́ kan ṣoṣo tó wà nínú ọ̀rọ̀ wọn ni pé ọwọ́ ọmọ èèyàn máa ń ṣì. Ẹni tó kọ ètò kọ̀ǹpútà mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá mọ̀ ọ́n tán, tó sì kọ ètò tó ń gba ohunkóhun láì yẹ̀ ẹ́ wò, òun ló jẹ̀bi.

Ní ìlú Tyler, ní Texas, ní oṣù March 1986, wọ́n gbé ọkùnrin kan tó ní jẹjẹrẹ sábẹ́ Therac-25, ẹ̀rọ ìtànṣán tí iléeṣẹ́ AECL ti Kánádà ṣe. Òṣìṣẹ́ tó ń darí rẹ̀ fẹ́ tẹ “e” fún electron. Ó tẹ “x” fún X-ray. Ó rí i, ó padà sókè, ó tún un ṣe. Ẹ gbọ́ o: ó tún un ṣe! “e” ló hàn lójú kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n mágínẹ́ẹ̀tì inú ẹ̀rọ náà ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 8 kó tó tò tán, àtúnṣe tó bá sì wọlé láàárín àkókò yẹn, ètò náà kò kà á sí. Ìwọ̀n ìtànṣán 180 rad ni dókítà pàṣẹ. Wọ́n ṣírò rẹ̀ lẹ́yìn náà pé 16,500 sí 25,000 ló wọ ara ọkùnrin náà. “Malfunction 54” ni ẹ̀rọ kọ jáde, láìsí àlàyé, ó sì gbà kí òṣìṣẹ́ tẹ “P” láti máa bá iṣẹ́ lọ. Ó tẹ̀ ẹ́. Ìtànṣán tún ba aláìsàn náà. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, ó kú.

Iléeṣẹ́ ní kò lè ṣẹlẹ̀. Ní April, ní ilé ìwòsàn kan náà, ó ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn. Fritz Hager, onímọ̀ físíìsì ibẹ̀, àti òṣìṣẹ́ yẹn ló jókòó ti ẹ̀rọ, tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ léraléra títí àṣírí fi tú: bí ọwọ́ bá ṣáà ti yá níbi àtúnṣe náà, ó máa ń ṣẹlẹ̀. Láàárín 1985 sí 1987, èèyàn 6 ni ẹ̀rọ náà fún ní ìtànṣán àpọ̀jù. Ta ló láyà láti sọ fún ìdílé wọn pé kọ̀ǹpútà kì í ṣàṣìṣe?

Wọ́n á ní ayé àtijọ́ nìyẹn. Ní 2020, àwọn onímọ̀ jiìnì ṣì ní láti yí orúkọ jiìnì MARCH1 padà sí MARCHF1, torí Excel ń sọ ọ́ di ọjọ́ inú oṣù.

Wọ́n á ní ìdánrawò kékeré ni tiwa. Nínú Python 2, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, input() ń ṣe ohun tí èèyàn bá tẹ̀ bí àṣẹ, bó ti wù kí ìdánrawò náà kéré tó.

Wọ́n á ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fara balẹ̀. Òṣìṣẹ́ Tyler rí àṣìṣe rẹ̀, ó sì tún un ṣe!

Ohun tó yẹ kò le. Kí ètò wò ó bóyá nọ́ńbà ni, bóyá kò kọjá ìwọ̀n. Bí ó bá kọjá, kó sọ ìdí, kó tún béèrè. Kó kọ gbogbo ohun tí a tẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú àkókò rẹ̀. Kí bọ́tìnnì kan má lè pa iṣẹ́ rẹ́.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má gba ètò kankan tí ẹ kò tíì tẹ ìtẹ̀kutẹ̀ sínú rẹ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí wọ́n bá tún dá yín lẹ́bi, ẹ bi wọ́n pé ta ló kọ ètò tó gbà á wọlé.