Bí Abẹ́rẹ́ Ti Kéré Tó

Ẹ̀yin ọ̀gá onísinimá tí ẹ ń fojú tín-ín-rín wo kámẹ́rà GoPro, mo ní ọ̀rọ̀ bá yín sọ. Ẹ ní ohun ìṣeré ọmọdé ni. Ó dáa! Ní 2012, Lucien Castaing-Taylor àti Véréna Paravel gbé sinimá Leviathan jáde. Inú ọkọ̀ àwọn apẹja New Bedford, ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti yà á. Wọ́n so kámẹ́rà kékeré mọ́ apẹja lára. Wọ́n so ó mọ́ ọ̀pá, wọ́n tì í bọ òkun. Kámẹ́rà ràgàjì yín wo ló lè débẹ̀? Abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ẹ yéé tìtorí irinṣẹ́ kékeré lé ọmọ tó mọṣẹ́ padà lẹ́nu ọ̀nà. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni kí ẹ wò!