Ẹ̀bẹ̀ sí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ Nítorí Irè Ẹ̀yìnkùlé Wa àti Èèpo Tí À Ń Dà Nù

Sí Ọlọ́lá jùlọ, Gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Sí ẹ̀yin Ọlọ́lá tó wà ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Àti sí ẹ̀yin alága ìjọba ìbílẹ̀ mọ́kọ̀ọ̀kànlá tó wà ní Ìbàdàn.

  Ọmọ tó bá ṣípá ni ìyá rẹ̀ ń gbé. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ìwé yìí sí yín.

Òjò àrọ̀kúrò ti wọlé. Láti oṣù kẹjọ títí di oṣù kọkànlá, ẹni tó bá ní ilẹ̀ pẹ́ńpẹ́ lẹ́yìnkùlé, ìbáà ṣe ní Àpáta, ní Ẹlẹ́yẹlé, ní Akóbọ̀ tàbí ní Mọ́níyà, ìkórè ló ń ṣe. Iṣu tuntun jáde, àgbàdo ìkejì gbó, ata pọ́n, ilá ń le mọ́ orí igi. Tẹ̀tẹ̀ àti gbọ̀rọ̀ á pọ̀ débi pé ẹni tí a bá bu díẹ̀ fún á ní òun náà ní i nílé. Àkókò yìí gan-an ni oúnjẹ ń bàjẹ́ jù lọ́wọ́ wa, òun náà sì ni pàǹtí ń ga jù létí títì. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ìjọba bá wa wá ibi tí oúnjẹ tó pọ̀ lásìkò yóò ti máa gbẹ, kí ẹ sì bá wa la ọ̀nà tí èèpo rẹ̀ yóò fi padà sínú ilẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú ọ̀rá dúdú tí a ń kó ìdọ̀tí ilé wa sí. Mo tú u sórí àpò ìrẹsì kan lágbàlá kí àwọn kólẹ̀kódọ̀tí tó dé. Èèpo iṣu ló wà lókè, ó ti ń ṣomi. Abẹ́ rẹ̀ ni háhá àgbàdo àti ṣúkù rẹ̀ wà, igi ẹ̀fọ́, èèpo ọsàn, ata tó ti rà, àti eèrí ògì tó ti kan gógó. Èyí tí kò lè jẹrà níbẹ̀ kò kún kóńgò kan: ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, ìdérí ìgò, àti bátìrì rédíò kan. Bátìrì kan ṣoṣo yẹn àti ọ̀rá wọ̀nyẹn ló sọ gbogbo ìyókù di ohun tí a kò gbọdọ̀ fún ewúrẹ́ jẹ, tí àgbẹ̀ kò sì lè fi sí ẹ̀bá irúgbìn. Ẹ̀yin Ọlọ́lá, ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn. Ìdàpọ̀ ló ń bà á jẹ́.

Nígbà tí ewúrẹ́ àti àgùntàn ṣì pọ̀ nínú agbo ilé, èèpo iṣu kì í sun ìta mọ́jú. Ààtàn ẹ̀yìn ilé ni à ń gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí, ibẹ̀ náà ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti ń ta jù. Ilé ti wá kún gbogbo àyè yẹn, sìmẹ́ńtì sì ti bo ẹ̀yìnkùlé púpọ̀. Èèpo kò dín kù o. Ẹni tó ń jẹ ẹ́ ló dín kù. Ẹ̀gbẹ́ kòtò omi ni ó wá ń gbà lọ báyìí, tàbí inú ọkọ̀ tó ń gbé e lọ sí ààtàn ńlá bíi ti Lápítẹ́ àti Àwótàn. Ohun jíjẹrà tí a bá dì mọ́ abẹ́ ìdọ̀tí níbẹ̀ kò rí afẹ́fẹ́, ó ń mú gáàsì tó lè gbiná jáde, omi dúdú tó ń ṣàn lábẹ́ rẹ̀ sì lè wọ inú kànga. Èyí tó bá bọ́ sínú kòtò ń bá omi lọ sí odò. Kò sí ọmọ Ìbàdàn tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ ìtàn omíyalé odò Ògùnpa fún, ti ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, tàbí ti àgbàrá ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011. Ní ìgbà méjèèjì, ẹ̀mí tó lọ ju ọgọ́rùn-ún lọ. Òjò ńlá ló rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n pàǹtí tó dí ojú odò wà lára ohun tó jẹ́ kí omi wọlé onílé. Títí di òní, a máa ń kó ẹrẹ̀ àti èèpo jáde nínú kòtò lọ́jọ́ ìmọ́tótó, a ó wà á jọ sétí títì, bí ọkọ̀ kò bá tètè dé, òjò á tún gbé e padà síbi tí a ti wà á.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ ṣètò ọkọ̀ tí yóò máa gbé èèpo àti ewé nìkan, ní ọjọ́ tirẹ̀, láìpa á pọ̀ mọ́ ọ̀rá àti ìgò. Ọjà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, torí níbẹ̀ ni èèpo ti pọ̀ jù, ẹnu ọ̀nà kan náà ni ọkọ̀ yóò sì ti máa kó o: Bódìjà, Ṣáṣá, Ọjà Ọba. Àwọn ìyálọ́jà mọ ẹni tó ń ta iṣu àti ẹni tó ń ta ọ̀rá. Bí ìjọba bá bá wọn jókòó, wọn yóò ṣètò ẹgbẹ́ wọn ju bí ọlọ́pàá ti lè ṣe é lọ.

Ẹnikẹ́ni kò ní láti lọ ilẹ̀ òkèèrè kọ́ bí a ti ń sọ èèpo di ohun tó wúlò. Ní ọjà Bódìjà yìí, ní àwọn ọdún 1990, wọ́n dá iléeṣẹ́ sílẹ̀ tó ń sọ pàǹtí ọjà àti ìgbẹ́ màlúù di ajílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Pacesetter. Ọ̀jọ̀gbọ́n M.K.C. Sridhar ti Yunifásítì Ìbàdàn wà lára àwọn tó fi ìmọ̀ wọn ti iṣẹ́ náà lẹ́yìn. Ní ọgbà iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, IITA, tó wà nílùú wa láti ọdún 1967, àwọn onímọ̀ ibẹ̀ àti ti iléeṣẹ́ ìwádìí ẹran ọ̀sìn, ILRI, ti fi hàn pé èèpo gbágùúdá lè di oúnjẹ ẹran: wọn á rin ín, wọn á fún omi rẹ̀ bí ẹni ń ṣe gàrí, wọn á kù ú, wọn á sá a tàbí kí wọ́n yan án. Tọ́ọ̀nù 3 èèpo tútù ń di tọ́ọ̀nù 1 tó gbẹ, ẹran ń jẹ ẹ́, owó sì ń tibẹ̀ wọlé. Iléeṣẹ́ ìwádìí èso àti ẹ̀fọ́, NIHORT, wà ní Ìdí-Ìṣìn láti ọdún 1975. Ohun tó kù ni kí ìjọba so àwọn wọ̀nyí mọ́ ẹni tó ń bó iṣu ní ilé ìdáná.

Mo ń fi èèpo ṣe ajílẹ̀ lẹ́yìnkùlé, mo sì lè jẹ́rìí sí i. Ewé gbígbẹ ni a ń tẹ́ sísàlẹ̀, kí a da èèpo tútù lé e, kí a bu ìgbẹ́ adìẹ díẹ̀ sí i, ká tún fi ewé gbígbẹ bò ó. Ẹja àti ẹran kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, nítorí eku. Bí a bá fi irin gún àárín rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, tí a sì fà á yọ, irin náà á gbóná débi pé a ó yára sọ ọ́ sílẹ̀. Ooru yẹn ló ń pa èso koríko àti kòkòrò àìsàn. A ó máa yí i kí afẹ́fẹ́ lè wọ̀ ọ́, a ó sì bò ó nígbà òjò ńlá. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta, yóò dúdú, yóò kúnná, yóò sì máa rùn bí ilẹ̀ igbó lẹ́yìn òjò. Ata tí a gbìn sí i lọ́dún tó tẹ̀lé e kò tètè rọ bí òjò bá dá. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká ajílẹ̀ alápò mọ́ mọ ohun tí èyí já mọ́. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ilé ló ní àyè tí òkìtì yóò gbé máa jẹrà. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ní ibi tirẹ̀.

Ti oúnjẹ fúnra rẹ̀ ló dùn mí jù. Ìyá kan wà ládùúgbò wa tó ń ṣe èlùbọ́. Nígbà tí iṣu bá pọ̀ tó sì gbọ̀pọ̀, á bó o, á gé e, á fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ bọ̀ ọ́, á jẹ́ kó sùn sínú omi mọ́jú. Láàárọ̀, á sá a sórí ọ̀rá létí títì, nítorí ibẹ̀ ni oòrùn ti mú jù. Ọkọ̀ á kọjá, eruku á bò ó, ewúrẹ́ á fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Kò ní pẹ́ tí ojú ọ̀run á ṣú. Òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ á sáré kó o wọlé ní tútù. Bí òjò bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta léra, iṣu tó ń sá náà, tí à ń pè ní gbodo, á bu, irun á hù sára rẹ̀. Mo ti rí i tó ń fi ọbẹ há a, tó ń tún un sá, torí owó rẹ̀ wà níbẹ̀. Kò mọ̀ pé oró tí irú nǹkan bíbu bẹ́ẹ̀ lè ní nínú máa ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, kì í sì í tán nínú sísè. Àgbàdo tí kò gbẹ dáadáa kí a tó kó o sápò náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun tí irú ìyá bẹ́ẹ̀ nílò ni pẹpẹ tó ga kúrò nílẹ̀, tí a ta àwọ̀n sí lójú, tí a fi ọ̀rá tó mọ́ gaara ṣe òrùlé rẹ̀, tí afẹ́fẹ́ sì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá: kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Oòrùn á wọlé, òjò kò ní í wọlé. Iléeṣẹ́ tó ń ṣèwádìí nípa títọ́jú irè oko, NSPRI, tí olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ìlọrin, ti ń ṣe irú ilé ìsáǹkan bẹ́ẹ̀, wọ́n sì lè kọ́ wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́ ọ sí ẹ̀bá àwọn ọjà àti sí ọgbà ìjọba ìbílẹ̀, kí ó sì jẹ́ owó táṣẹ́rẹ́ ni ẹni tó bá lò ó yóò máa san. Ata, ilá tí yóò di òrúnlá, tòmátì, iṣu, gbogbo wọn ni yóò gbẹ níbẹ̀. Èlùbọ́ tó mọ́, tó gbẹ, kò ní í ṣòfò kí oṣù kẹta ọdún tó dé, nígbà tí iṣu yóò ti wọ́n.

Ọ̀rọ̀ àwọn wolé-wolé kù. Mo mọ̀ pé òfin ní ìwúlò tirẹ̀, n kò sì bẹ̀bẹ̀ fún ẹni tó ń da ìdọ̀tí sínú kòtò. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ wa. Kí wọ́n wá sí ojúlé, kí wọ́n fi hàn wá bí a ti ń lo korobá méjì, ọ̀kan fún èèpo, ọ̀kan fún ìdọ̀tí ìyókù, kí wọ́n sọ ọjọ́ tí ọkọ̀ ń bọ̀, kí ọkọ̀ náà sì dé lọ́jọ́ tí wọ́n dá. Ẹni tí a ti kọ́, tí ọkọ̀ sì ń dé bá, kò ní àwáwí mọ́ bí ẹ bá bu owó ìtanràn lé e.

Bí gbogbo rẹ̀ bá pọ̀ jù fún ìṣúná ọdún kan, ẹ fi ọjà kan àti wọ́ọ̀dù kan ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀, kí iṣu tuntun ọdún tó ń bọ̀ tó jáde. A ó ya èèpo sọ́tọ̀ láti inú ilé wa, a ó sì gbé e síta ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ẹ bá dá. Ọkọ̀ tí kò ní í pa á pọ̀ mọ́ ìdọ̀tí ìyókù ni a ń tọrọ lọ́wọ́ yín, àti pẹpẹ tí òjò kò ní í pa.

Èmi ni, ọmọ yín,
olùgbé Ìbàdàn kan tó ń dáko ẹ̀yìnkùlé.