Ẹ Má Fi Oníṣègùn Pamọ́ fún Dókítà

Bí àìsàn ọpọlọ bá wọ ilé kan ní Cadjèhoun yìí, ọ̀nà méjì ni ẹbí sábà máa ń tọ̀. Ọ̀kan lọ sí Jacquot, ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba tí ó wà ní Cotonou níbí. Èkejì lọ sọ́dọ̀ babaláwo, tí àwọn Fọ̀n ń pè ní bokonon, yálà ní Àjàṣẹ́, ní Sakété, ní Kétu, tàbí ní abúlé tí wọ́n ti bí ìyá aláìsàn. N kò rí ibi nínú títọ ọ̀nà méjèèjì. Ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi fún ẹkùn pa jẹ; ibi gbogbo tí ìwòsàn bá wà ni òbí ń dé. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé a ń fi ọ̀nà kan pamọ́ fún èkejì, ìpamọ́ náà sì ń pa aláìsàn lára.

Ẹ wo bí ó ṣe máa ń rí. Ìyá kan mú ọmọkùnrin rẹ̀ dé ilé ìwòsàn. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọmọ náà kò rí oorun sùn, ó ń bá ẹni tí ẹnikẹ́ni kò rí sọ̀rọ̀, ó ń da aṣọ rẹ̀ sí títì. Dókítà béèrè ọ̀rọ̀ ní Faransé, àbúrò ọmọ náà sì túmọ̀ rẹ̀: “Màmá, wọ́n ní ṣé ẹ ti fún wọn ní nǹkan kan lò kí ẹ tó máa bọ̀?” Ìyá wolẹ̀. “Rárá o, dókítà. A ò tíì fún un ní nǹkan kan.” Bẹ́ẹ̀ sì ni ìgò àgbo wà ní ìsàlẹ̀ àpò rẹ̀, ó fi ìró wé e. Obìnrin yìí kì í ṣe òpùrọ́. Ó ti rí i bí wọ́n ṣe jágbe mọ́ aládùúgbò rẹ̀ níwájú èrò nítorí pé ó gbé ọmọ lọ sílé oníṣègùn. Bí ó bá sì padà dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn lọ́la, oògùn oníhóró ni yóò fi pamọ́ fún ìyẹn náà, nítorí wọ́n ti kìlọ̀ fún un níbẹ̀ pé oògùn òyìnbó á ba tàwọn jẹ́.

Kí ni ó wà nínú ìgò náà? Ó lè jẹ́ asofẹ́yẹjẹ. Ìgbẹ́ wa kún fún un: igi kékeré ni, ewé rẹ̀ máa ń yọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin yí ojú kan ká lára ẹ̀ka, èso rẹ̀ wẹ́wẹ́ máa ń pọ́n, bí o bá sì já ewé rẹ̀, oje funfun á yọ. Gbòǹgbò rẹ̀ ni àwọn oníṣègùn Yorùbá ń lò fún wèrè. Wọ́n á sá èèpo rẹ̀ gbẹ, wọ́n á gún un kúnná, wọ́n á pò ó mọ́ nǹkan mìíràn fún aláìsàn. Ẹni tí ó ti ń jà láti àná á rọlẹ̀, á sì sùn. Raymond Prince, dókítà ọpọlọ ará Kánádà tí ó ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta, kọ̀wé lórí rẹ̀ ní 1960. Kí ó tó kọ ọ́, ní 1952, ilé-iṣẹ́ Ciba ní Switzerland ti yọ èròjà tí wọ́n pè ní reserpine láti ara ìbátan igi yìí tí ó ń hù ní Íńdíà, àwọn ilé ìwòsàn Yúróòpù àti Amẹ́ríkà sì fi ń tọ́jú alárùn ọpọlọ fún ọdún mélòó kan. Reserpine kan náà wà nínú asofẹ́yẹjẹ tiwa. Àwọn baba wa kò ṣi ewé já.

Ṣùgbọ́n reserpine ń mú kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Púpọ̀ nínú oògùn tí wọ́n ń fún alárùn ọpọlọ nílé ìwòsàn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí méjèèjì bá pàdé nínú ara kan, aláìsàn lè dìde lórí ẹní kí ó sì ṣubú lulẹ̀. Gbòǹgbò igi kan sì lè lágbára ju ti èkejì lọ, kò sí òṣùwọ̀n tí ó máa sọ èyí fún ẹni tí ó ń gún un. Dókítà tí a fi àgbo pamọ́ fún á rò pé oògùn tòun ló le jù, á dín in kù, àìsàn á sì tún gbérí. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹbí á wá ní oògùn òyìnbó kò ṣiṣẹ́.

Àwọn kan ti fi hàn wá pé ìpamọ́ yìí kò pọn dandan. Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tí wọ́n bí ní 1923, kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Birmingham kí ó tó padà wálé láti darí ilé ìwòsàn ọpọlọ Aro. Ní 1954, nígbà tí ilé ìwòsàn náà kò tíì parí, ó lọ bá àwọn ará abúlé tí ó yí Aro ká. Ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gba aláìsàn sílé, ṣùgbọ́n dandan ni kí mọ̀lẹ́bí kan tẹ̀lé aláìsàn kọ̀ọ̀kan. Ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n á máa dáná fún un, á sì máa mú un lọ gba ìtọ́jú. Lambo tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wọlé kí wọ́n bá a ṣiṣẹ́. Ní 1961, àwọn dókítà ọpọlọ káàkiri Áfíríkà ṣe ìpàdé àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ọkùnrin náà padà di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé.

Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ Lambo, ewé àti ẹbọ ni àwọn ènìyàn máa ń tẹnu mọ́. Lójú tèmi, mọ̀lẹ́bí tí ó ń sùn nínú yàrá kan náà pẹ̀lú aláìsàn ni ọgbọ́n tí ó tóbi jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Oníṣègùn tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í dá aláìsàn tọ́jú. Á pe ìyàwó, á pe bàbá, á béèrè ẹni tí ó bá ẹnìkan jà, ilẹ̀ tí wọ́n ń dù, òkú tí wọn kò sin bí ó ti yẹ. Henri Collomb, dókítà ọpọlọ ọmọ Faransé, náà rí èyí ní ilé ìwòsàn Fann, ní Dakar, ní àwọn ọdún 1960 sí àwọn ọdún 1970. Ó jẹ́ kí mọ̀lẹ́bí máa bá aláìsàn gbé nílé ìwòsàn, ó sì jẹ́ kí tọmọdé tàgbà, aláìsàn àti dókítà, jọ máa jókòó sọ̀rọ̀.

A kò tilẹ̀ ní láti lọ sí Dakar. Nínú ìwé tí Paulin Hountondji, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò ọmọ Benin, ṣe olóòtú rẹ̀ lórí ìmọ̀ ìbílẹ̀, tí ó jáde ní 1994, Ọ̀jọ̀gbọ́n Gualbert Ahyi, dókítà ọpọlọ ọmọ Benin, kọ orí kan lórí ojú tí àwọn ènìyàn wa fi ń wo ìlera ọpọlọ àti àìsàn rẹ̀. Hountondji yìí kan náà ni ó ti bá àwọn tí ń yin gbogbo ohun àtijọ́ láìyẹ̀ ẹ́ wò jà nígbà kan. Ohun tí ó fẹ́ nígbà ayé rẹ̀ ni kí a gbé ìmọ̀ àwọn baba wa wá sójú táyé, kí a dán an wò, kí èyí tí ó dára nínú rẹ̀ sì di ara ìmọ̀ gbogbo wa.

Bí a bá sì yẹ̀ ẹ́ wò tọkàntọkàn, a ó bá ẹ̀wọ̀n níbẹ̀. N kò ní bo èyí mọ́lẹ̀. Grégoire Ahongbonon, ọmọ Benin tí ó ti ṣiṣẹ́ fọkanáísà rí ní Bouaké, ní Côte d'Ivoire, ti ń tú àwọn alárùn ọpọlọ sílẹ̀ nínú ẹ̀wọ̀n láti bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Àwọn kan wà tí wọ́n so mọ́ igi, àwọn mìíràn wà tí wọ́n kan ẹsẹ̀ wọn mọ́ ìtì igi. Ẹgbẹ́ Saint Camille tí ó dá sílẹ̀ ní ilé ìtọ́jú ní Avrankou, nítòsí Àjàṣẹ́ níbí, àwọn tí wọ́n ti ṣàìsàn rí tí ara wọn ti yá sì wà lára àwọn tí ń tọ́jú aláìsàn níbẹ̀. Ilé oníṣègùn ni Ahongbonon ti tú àwọn kan, ibùdó àdúrà ni ó ti tú àwọn mìíràn, àwọn kan sì wà ní ẹ̀yìnkùlé òbí wọn. Ẹni tí ó bá ń de ènìyàn mọ́lẹ̀, tí ó ń na án, tí ó ń febi pa á, kí ó má pe ìyẹn ní àṣà lójú mi. Ẹ̀rù àti àìrí olùrànlọ́wọ́ ló ń bí i.

Báwo ni ẹ̀wọ̀n ṣe máa tú? Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán nǹkan kan wò ní Nàìjíríà àti ní Gánà, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde nínú The Lancet ní 2020. Aláìsàn 307 ni wọ́n lò, gbogbo wọn wà lọ́dọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀ tàbí ní ibùdó àdúrà. Wọn kò kó wọn kúrò níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìlera ni ó ń lọ bá wọn lọ́hùn-ún, ó ń fún wọn lóògùn, ó sì ń bá oníṣègùn jíròrò. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara àwọn tí a tọ́jú báyìí yá ju ti àwọn tí kò rí irú ìtọ́jú yìí gbà lọ. Ìdè àti nínà sì dín kù gan-an láàárín ẹgbẹ́ méjèèjì.

Nítorí náà, mo ní ọ̀rọ̀ fún àwọn aláṣẹ ìlera wa. Ẹ yan nọ́ọ̀sì tí ó gbọ́ Gùn, Fọ̀n àti Yorùbá, ẹ kọ́ ọ ní iṣẹ́ àìsàn ọpọlọ, kí ó máa lọ sílé àwọn oníṣègùn tí a mọ̀ ní Cotonou àti agbègbè rẹ̀ lóṣooṣù. Ẹ fi ojú ewé kan kún ìwé ìtọ́jú aláìsàn, kí a máa kọ àgbo tí ó ń lò síbẹ̀ àti orúkọ ewé inú rẹ̀. Kí oníṣègùn tí ó bá ṣì ní ẹ̀wọ̀n nílé mọ̀ pé nọ́ọ̀sì náà kò ní kúrò níbẹ̀ láìbá òun sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Alùpùpù, owó epo àti owó oṣù nọ́ọ̀sì ni èyí máa ná ìjọba láti bẹ̀rẹ̀, a sì lè fi Cadjèhoun ṣe àdúgbò àkọ́kọ́.