Ọkọ̀ Spọ́ọ̀tì Tó Ń Hó Lójú Ooru: Ìgbà Wo Ló Ń Gbóná?

Láàárín oṣù kejì sí oṣù kẹta ọdún ni ooru máa ń mú jù nílẹ̀ Yorùbá. Ọyẹ́ ti lọ, òjò kò tíì dé, oòrùn ń ta bí ata. Ìgbà náà gan-an ni ògbólógbòó ọkọ̀ máa ń dójú ti ẹni tó ni ín. Dánfó tó ti jẹrà á máa kọjá lọ ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ spọ́ọ̀tì onílẹ̀kùn méjì, tí wọ́n kùn tó ń dán bíi dígí, ló dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì yẹn. Ó la bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ gbàgà, èéfín omi ń jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ìkòkò olóúnjẹ. Àwọn ọmọ tó ń ta omi inú ọ̀rá á máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì máa ta omi fún un.

Hó tí ọkọ̀ ń hó kọ́ ló ń dunni jù, owó tó ń tẹ̀lé e ni. Mẹkáníìkì á ní rediétọ̀ ni, wọ́n á rà á. Ọkọ̀ á tún hó. Á ní wọ́tà pọ́ọ̀ǹpù ni, wọ́n á rà á. Ọkọ̀ á tún hó. Á wá yọ tẹ́mósítáàtì jù sígbó, á ní nǹkan òtútù òyìnbó ni, ilẹ̀ wa ò nílò rẹ̀. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá já sí pàbó, ọ̀rọ̀ á kan tọ́ọ̀pù gáskẹ́ẹ̀tì, wọ́n á tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ bí ẹran iléyá. Bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ fáànù tí kò yí dáadáa ló ń dà wọ́n láàmú láti ọjọ́ kìn-ín-ní!

Ẹni tó bá mọ ìrìn alábàárù nínú ọjà ti mọ bí omi ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀. Iná ń jó nínú ẹ́ńjìnnì, ooru rẹ̀ ni ẹrù. Omi ni alábàárù tó ń ru ẹrù náà lọ sí rediétọ̀. Pọ́ọ̀ǹpù ló ń lé alábàárù níré. Tẹ́mósítáàtì ni géètì: ó máa ń wà ní títì títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná dé ìwọ̀n tó yẹ, kó tó ṣí. Rediétọ̀ ni ìsọ̀ tí wọ́n ti ń sọ ẹrù kalẹ̀, atẹ́gùn sì ni oníbàárà tó ń kó o lọ. Bí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn bá kọṣẹ́, ẹrù á kún, ọ̀nà á dí, ọjà á dàrú.

Ìdérí rediétọ̀ náà níṣẹ́ tirẹ̀. Omi lásán máa ń hó tó bá dé 100 lórí ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n ìdérí tí wọ́n kọ 0.9 sí lára, tó bá ń dé e pinpin, lè mú kó dé nǹkan bíi 118 kó tó hó. Bí rọ́bà inú ìdérí náà bá ti gbó, omi á hó kó tó àsìkò, á sì tú dà sílẹ̀. Ìdérí kò wọ́n rárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rediétọ̀, síbẹ̀ òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rántí kẹ́yìn.

Ká fi Toyota Celica ṣe àpẹẹrẹ. Ọdún 1970 ni Toyota gbé e jáde, ọdún 2006 ni wọ́n sì ṣíwọ́ rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń ṣe títí di 1985, táyà ẹ̀yìn ló ń ti ọkọ̀. Wọ́n na ẹ́ńjìnnì rẹ̀ gbọọrọ láti iwájú sẹ́yìn, ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ló sì ń yí fáànù. Èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1985, táyà iwájú ló ń fà á, wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì dá bùú, fáànù oníná ló sì ń fẹ́ ẹ. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, àmọ́ àyẹ̀wò wọn kò rí bákan náà.

Nǹkan mìíràn ni pé imú ọkọ̀ spọ́ọ̀tì rẹlẹ̀, ihò iwájú rẹ̀ kò sì tóbi. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń gba atẹ́gùn láti abẹ́ bọ́ńpà. Bí wọ́n bá ti tún iwájú ọkọ̀ náà ṣe lẹ́yìn ìjàǹbá, tí wọn kò dá ike abẹ́ bọ́ńpà padà, tàbí ike tó yí fáànù ká, ẹ̀gbẹ́ ni atẹ́gùn á máa gbà kọjá, kò ní gba àárín rediétọ̀. Ike lásán ni wọ́n pè é, wọ́n ò mọ̀ pé iṣẹ́ ló ń ṣe.

Ó dáa, ká ní télọ̀ kan ra Celica 1984. Ó ti ra rediétọ̀, ó ti ra pọ́ọ̀ǹpù, owó àpò rẹ̀ ti fẹ́ tán. Ó wá gbé ọkọ̀ tọ àgbà mẹkáníìkì kan lọ.

"Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Ọkọ̀ yìí fẹ́ sọ mí di onígbèsè o. Ó ń gbóná."

"Ìgbà wo ló ń gbóná?"

"Gbogbo ìgbà ni, bàbá."

"Rárá o, ronú dáadáa. Ṣé inú gósílò ni, àbí ìgbà tó bá ń sáré lọ́nà Ìbàdàn?"

Télọ̀ họ orí. "Hẹn-ẹn, tó bá ti bọ́ sójú ọ̀nà tó ń sáré, ọwọ́ géèjì máa ń sọ̀ kalẹ̀. Inú gósílò Ọ̀jọ́ta ló ti ń dà mí láàmú."

"Ẹ̀hẹ́n! Ìwọ tó o jẹ́ télọ̀, ṣé o máa ń gé aṣọ kó o tó wọn oníbàárà ni? Kí ló wá dé tó o ń ra páàtì kó o tó wọn àìsàn?"

Ọ̀rọ̀ bàbá yẹn gan-an ni ìdí ọ̀rọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré, atẹ́gùn ń fúnra rẹ̀ wọlé. Nígbà tó bá dúró, fáànù nìkan ló kù tó ń pè é. Nítorí náà, ọkọ̀ tó ń gbóná ní ìdúró, tó sì ń tutù lórí eré, ọ̀rọ̀ atẹ́gùn ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Kò kan tọ́ọ̀pù gáskẹ́ẹ̀tì rárá ní àkókò yìí.

Lára Celica àtijọ́ bíi ti télọ̀ yẹn, kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n sì fọwọ́ yí fáànù. Ó yẹ kó le díẹ̀ lọ́wọ́, nítorí òróró kan wà ní ìdí rẹ̀ tó ń dì í mú. Bó bá ń yí fìrìfìrì bíi fáànù inú yàrá, òróró náà ti jò tán, ìdí fáànù ti kú. Lára èyí tó ń lo fáànù iná, kí wọ́n jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, kí wọ́n wò ó bóyá fáànù á dá ara rẹ̀ tan. Tí kò bá tan, ó lè jẹ́ fíúùsì, ó lè jẹ́ wáyà, ó lè jẹ́ súwíìṣì tó ń gbọ́ ooru lára rediétọ̀. Àwọn rewáyà kan tilẹ̀ máa ń pààrọ̀ wáyà méjèèjì, fáànù á wá máa fẹ́ atẹ́gùn jáde dípò kó máa fà á wọlé. Bébà kan tó láti mọ èyí: kí wọ́n gbé e sí iwájú rediétọ̀ nígbà tí fáànù ẹ̀yìn rẹ̀ ń yí. Bó bá lẹ̀ mọ́ ọn, ó dára. Bó bá fò dànù, wọ́n ti mú olè.

Lẹ́yìn náà, kí wọ́n wo iwájú rediétọ̀ fúnra rẹ̀. Eruku ọyẹ́, kòkòrò, irun ewúrẹ́ àti ọ̀rá omi lè dí i pa. Ọkọ̀ tó bá ní A/C ní ohun kan bíi rediétọ̀ kejì níwájú ti àkọ́kọ́, àárín àwọn méjèèjì sì ni ìdọ̀tí máa ń sá pamọ́ sí. Láti ẹ̀yìn ni kí wọ́n ti fi omi fọ̀ ọ́ wá síwájú, jẹ́jẹ́, nítorí omi tó bá le jù á tẹ àwọn abẹ́ kékeré rẹ̀ pa.

Tó bá wá jẹ́ pé orí eré gan-an ló ti ń gbóná ńkọ́? A jẹ́ pé atẹ́gùn wà, alábàárù ni kò rìn. Ìpẹtà lè ti dí inú rediétọ̀. Bẹ́líìtì pọ́ọ̀ǹpù lè máa yọ̀. Tẹ́mósítáàtì lè ṣí ààbọ̀. Hóòsì ìsàlẹ̀ lè ti rọ̀, kí pọ́ọ̀ǹpù máa fà á mu títí á fi pẹlẹbẹ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré. Tí wọ́n bá dúró, á tún wú padà, kò sẹ́ni tó máa fura. Táìmì tó bá pẹ́ jù náà ń fa ooru, kì í ṣe omi nìkan.

Ní ti tẹ́mósítáàtì, ìkòkò ilé ìdáná tó láti ṣèdájọ́ rẹ̀. Kí wọ́n fi okùn so ó sínú omi, kí wọ́n gbé e kaná. Ìwọ̀n ooru tó yẹ kó fi ṣí sábà máa ń wà lára rẹ̀. 82 tàbí 88 wọ́pọ̀. Ó gbọ́dọ̀ ṣí kí omi tó hó. Bí kò bá ṣí, kí wọ́n ra òmíràn, kí wọ́n má kàn yọ ọ́ sọnù. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní i á pẹ́ kó tó gbóná, á sì máa mu epo bí ọ̀mùtí. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì kan, tẹ́mósítáàtì náà ló ń dí ọ̀nà ẹ̀bùrú tí omi ń gbà yẹra fún rediétọ̀. Tí wọ́n bá yọ ọ́, ọkọ̀ á wá gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìgbà tó yẹ kí wọ́n dárúkọ tọ́ọ̀pù gáskẹ́ẹ̀tì ni ìgbà tí omi bá ń dín tí kò sì jò síta, tí nǹkan ń hó kutukutu nínú rediétọ̀ láìtíì gbóná, tí èéfín funfun ń jáde ṣáá, tàbí tí ọ́ìlì dà bí ẹ̀kọ mímu. Oògùn olómi kan wà tí wọ́n fi ń dán an wò lẹ́nu rediétọ̀: àwọ̀ rẹ̀ á kúrò ní búlúù, á di yẹ́lò, bí èéfín ẹ́ńjìnnì bá ti wọ inú omi. Ìdánwò yẹn kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó títú ẹ́ńjìnnì.

Géèjì náà lè purọ́. Láti 2020 ni kò ti sẹ́ni tí kò mọ ìbọn tí wọ́n ń nà sí iwájú orí èèyàn láti wọn ooru ara. Irú rẹ̀ wà fún ẹ́ńjìnnì, àmọ́ ti èèyàn yẹn kò lè ṣe é, nítorí ooru ẹ́ńjìnnì ju agbára rẹ̀ lọ.

Ní ti omi, omi kànga àti omi ẹ̀rọ máa ń fa ìpẹtà àti èérí. Omi mímọ́ tí kò ní iyọ̀ nínú, tí wọ́n pò mọ́ kúláǹtì ní ìdajì sí ìdajì, ló dára. Kì í ṣe nítorí òtútù. Oògùn ìpẹtà wà nínú rẹ̀, kì í sì í jẹ́ kí omi tètè hó.

Bí ọwọ́ géèjì bá ń gun òkè lójú ọ̀nà, kí awakọ̀ pa A/C, kó ṣí híítà dé òpin. Òun á làágùn, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì á fara balẹ̀ díẹ̀. Bí kò bá sọ̀, kó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó pa á. Èèwọ̀ ni kó ṣí ìdérí rediétọ̀ nígbà yẹn! Omi abẹ́ rẹ̀ lè ti kọjá 100, ìdérí ló dì í mú. Tí wọ́n bá ti yí i, ojú àti àyà ló máa bá. Kó dúró ó kéré tán ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, títí hóòsì òkè á fi tutù, tó sì rọ̀ lọ́wọ́. Kó má sì da omi tútù sí ẹ́ńjìnnì tó ń ta yẹ́ẹ́. Alágbẹ̀dẹ mọ ohun tí omi tútù ń fi irin gbígbóná ṣe.

Páàtì ògbólógbòó ọkọ̀ spọ́ọ̀tì kò pọ̀ lọ́jà mọ́, ẹni tó bá sì ra èyí tí kò nílò kò rí ẹni tó máa gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mẹkáníìkì tó bá ń fi owó oníbàárà dánra wò á rí i pé ìsọ̀ òun ń dá. Kí ẹni tó ni ọkọ̀ ṣọ́ ọ fún ọjọ́ méjì péré, kó mọ̀ bóyá ìdúró ni àbí eré, kó tó kó owó jáde.