Tíṣà Kan Kò Lè Dá A Ṣe

Òfin kọ́ ni kò sí. Gómìnà Fáṣọlá buwọ́ lu òfin àwọn akàndá ẹ̀dá l'Ékòó ní 2011. Ààrẹ Buhari buwọ́ lu ti gbogbo orílẹ̀-èdè ní 2019. Èyí tó kẹ́yìn là á mọ́lẹ̀ pé ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní, ó kéré tán, ẹnì kan tó kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú ẹ̀kọ́ àwọn akàndá. Ọ̀rọ̀ "ẹnì kan" yìí la fẹ́ jà lé lórí.

Ẹ wo ọmọ tí etí rẹ̀ kò gbọ́ dáadáa ní Anthony l'Ékòó níbí. Tíṣà ìṣirò kọjú sí pátákó, ó ń ṣàlàyé. Ìpàkọ́ rẹ̀ nìkan lọmọ ń rí. Ti Gẹ̀ẹ́sì dé, bákan náà ni. Ẹni tó mọ èdè àwọn adití wà ní kíláàsì mìíràn.

Ti ọmọ tí wọ́n ń pè ní alágídí tún le jù. Fèrè dánfó ń ké láti Ìkòròdú Road, ariwo kíláàsì gùn ún, ọmọ dí etí, ó kó sábẹ́ tábìlì. Wọ́n fà á, ó gé tíṣà jẹ. Ó di pàṣán. Tíṣà náà kì í ṣe ìkà, bí wọ́n ṣe tọ́ òun náà nìyẹn. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ á bi í pé: kí ló ṣẹlẹ̀ kí ọmọ tó gé èèyàn jẹ? Ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bó bá jẹ́ ariwo ni, ẹ gbé ìjókòó rẹ̀ kúrò létí fèrèsé, ẹ kọ́ ọ ní àmì tí yóò fi sọ pé ó ti tó.

Sẹ́mínà ọjọ́ kan kò lè kọ́ni níyẹn (ráìsì ibẹ̀ la sábà máa ń rántí). Ohun tí a fẹ́ ni pé kí akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ náà máa wọ kíláàsì àwọn tíṣà yòókù, kó wò, kó fi hàn wọ́n, kó tún padà wá lọ́sẹ̀ kejì. Láti 1977 ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ fún ẹ̀kọ́ àkànṣe, èyí tó wà ní Ọ̀yọ́, ti ń kọ́ irú akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan ní ká kó àwọn ọmọ náà lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ Pacelli tàbí Wesley ní Sùúrùlérè. Afọ́jú ni ti àkọ́kọ́, adití ni ti èkejì. Ta ni yóò gba alágídí? Ta ni yóò sì máa gbé ọmọ Mile 12 débẹ̀ lójoojúmọ́?

Ẹ̀yin òbí Kòsọ́fẹ́, ní ìpàdé PTA tó ń bọ̀, ẹ béèrè orúkọ ẹnì kan tí òfin sọ yẹn, àti ọjọ́ tó ń wọ kíláàsì tíṣà ọmọ yín. Kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.