Agbọ́n tó gba ẹ̀gẹ́ là: kí àgbẹ̀ Òkun má fi oògùn pa á

Yorùbá ní kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé. Òótọ́ ni, àmọ́ òótọ́ náà kù díẹ̀. Inú oko kan náà tí kòkòrò abanijẹ́ ń gbé ni èyí tó ń pa á jẹ ń gbé pẹ̀lú. Àgbẹ̀ tó bá gbé ẹ̀rọ oògùn kọ́ ẹ̀yìn láìmọ ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì, bó ṣe ń pa ọ̀tá ló ń pa ọ̀rẹ́ tó ń bá a ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilẹ̀ Òkun gbọ̀ngbọ̀n. Láti Kabba dé Bùnú, láti Ìjùmú dé Ìyàgbà, iṣu, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ wà lára ohun tó gbé ilé ró. Ẹ̀gẹ́ ló ń di gàrí àti fùfú tí àwọn ìyá ń kó lọ sọ́jà. Nínú owó rẹ̀ ni wọ́n ti ń san owó iléèwé ọmọ. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń dáko lónìí ni kò mọ̀ pé ewu ńlá ti wu ẹ̀gẹ́ yìí rí.

Ọdún 1973 ni wọ́n kọ́kọ́ rí kòkòrò kan lórí ẹ̀gẹ́ lágbègbè Kinshasa àti Brazzaville, ó funfun bí ẹni pé wọ́n da ìyẹ̀fun sí i lára. Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá, níbi tí ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ ti ṣẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ń pa á jẹ lọ́hùn-ún kò bá a wá. Ó ń fa omi ara ẹ̀gẹ́ mu, ewé ń ká kò, ọ̀mùnú ń kú, ẹ̀gẹ́ kò sì ta mọ́. Níbi tó bá ti le, ó lè run tó ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá irè oko. Kò pẹ́ tó fi dé Nàìjíríà.

Oògùn kọ́ ni iléeṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn IITA tó wà n'Ìbàdàn gbára lé. Ìbéèrè tí Hans Herren, onímọ̀ kòkòrò ọmọ Switzerland, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bi ara wọn ni pé: kí ló ń pa kòkòrò yìí jẹ nílé rẹ̀? Ìdáhùn wà ní Paraguay. Agbọ́n kíún kan wà níbẹ̀ tó ń yé ẹyin sínú kòkòrò funfun náà. Ọmọ rẹ̀ á jẹ kòkòrò ọ̀hún láti inú títí tí yóò fi kú, á sì jáde ní agbọ́n tuntun. Wọ́n kọ́kọ́ kó agbọ́n náà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù fún àyẹ̀wò, kí ó má baà di wàhálà mìíràn. Lọ́dún 1981, wọ́n tú u sílẹ̀ n'Ìbàdàn. Lẹ́yìn náà, wọ́n tilẹ̀ ń fi ọkọ̀ òfurufú tú u sórí oko. Ó ti fìdí múlẹ̀ báyìí ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 20 nílẹ̀ Áfíríkà. Iṣẹ́ yìí ni Herren fi gba World Food Prize lọ́dún 1995.

Àgbẹ̀ kò san kọ́bọ̀ fún agbọ́n yìí, kò sì tò sórí ìlà kó tó rí i gbà. Ọ̀nà kan tó yá jù láti pàdánù rẹ̀ ni oògùn tí wọ́n ń fín láìwo ọ̀tún wòsì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2016, nígbà tí kòkòrò fall armyworm bo oko àgbàdo, yẹ kó jẹ́ ẹ̀kọ́. Inú ọ̀mùnú àgbàdo ni kòkòrò yìí ń sá pamọ́ sí, níbi tí oògùn kò ti fi bẹ́ẹ̀ dé. Lórí ewé ni àwọn tó ń pa á jẹ ń rìn, wọ́n sì ń kú. Ẹni tó fín oògùn lónìí á tún rà á lọ́la. Èyí tó sì ṣẹ́kù nínú oúnjẹ ń dójú ti ni: lọ́dún 2015, ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù dá ẹ̀wà Nàìjíríà dúró nítorí oògùn tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Àwọn kan á ní àgbẹ̀ tó jẹ gbèsè kò lè máa wo kòkòrò níran. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Kò sẹ́ni tó ní kó káwọ́ gbera. Kó yẹ oko wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kó fi ọwọ́ ṣa ẹyin kòkòrò dànù, kó lo omi ewé dóńgóyárò, kó sì jẹ́ kí oògùn olóró jẹ́ ìgbẹ̀yìn, níbi tí kòkòrò wà nìkan.

Àmọ́ ta ni yóò kọ́ ọ? Kabba ti ní iléèwé ọ̀gbìn tirẹ̀ rí, lábẹ́ Yunifásítì Ahmadu Bello. Oògùn àti ajílẹ̀ ni ìjọba sábà máa ń pín bó bá fẹ́ ran àgbẹ̀ lọ́wọ́. Kí ìjọba Kogí yọ díẹ̀ nínú owó yẹn, kí ó fi gba òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn tí yóò gun ọ̀kadà dé Bùnú àti Ìyàgbà, tí yóò tẹ̀ lé àgbẹ̀ wọ oko, tí yóò ṣí ewé, tí yóò sì fi hàn án: ọ̀tá rẹ nìyí, ọ̀rẹ́ rẹ nìyí.