Bó bá sá relé bàbá ẹ̀, má sọ pé kò fẹ́ràn rẹ

Ọ̀rọ̀ tọkọtaya la fẹ́ sọ lọ́sẹ̀ yìí, àmọ́ ọ̀nà Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun la máa gbà débẹ̀.

Ẹni tó bá mọ ìlú méjèèjì mọ̀ pé ara wọn ni wọ́n. Ìlobùú ni olú ìjọba ìbílẹ̀ Irẹ́pọ̀dùn, Ìfọ́n ni ti Orolu, wọ́n sì ń fẹ́ra wọn, wọ́n ń bímọ fúnra wọn. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni kò jẹ́ kí irẹ́pọ̀ ọ̀hún dùn tán. Lọ́dún 2025, ẹ̀mí ṣòfò, wọ́n dáná sunlé, Gómìnà Adémọ́lá Adélékè sì kéde kónílé-ó-gbélé níbẹ̀, títí kan Ẹrin-Ọ̀ṣun.

Ẹ jẹ́ ká wò ó báyìí. Ọmọ Ìlobùú wà nílé ọkọ ní Ìfọ́n, ìbọn dún, ó gbọ́mọ pọ̀n, ó di ilé bàbá ẹ̀. Nígbà tí nǹkan rọlẹ̀, ọkọ ní, "Ṣé o rí i, àwọn èèyàn ẹ lo yàn!" Ìyàwó náà fèsì pé, "Gbogbo ọjọ́ tí mo fi wà níbẹ̀, ẹ ò pè mí lẹ́ẹ̀kan!" Ìjà dé nìyẹn.

Òyìnbó kan, John Bowlby, dókítà ọpọlọ ní London, ti ṣàlàyé pé bẹ́rù bá ba ọmọdé, ìyá ẹ̀ ló ń sá tọ̀. Mary Ainsworth lọ wo àwọn ìyá àtọmọ ní Uganda, ó sì kọ ìwé lé e lórí lọ́dún 1967: ọmọ tọ́kàn ẹ̀ balẹ̀ mọ́ ìyá ẹ̀ lè rìn jìnnà, torí ó mọ ibi tóun máa padà sí. Lọ́dún 1987, Hazan àti Shaver l'Amẹ́ríkà ní bẹ́ẹ̀ náà lolólùfẹ́ méjì ṣe rí. Àwọn baba wa ṣáà ti sọ pé ilé làbọ̀ ìsinmi oko.

Ẹ̀rù ló gbé obìnrin yẹn sáré, ibi tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ti mọ̀ láti kékeré ló gbà lọ. Ọkọ tí kò pè, ó lè jẹ́ ẹ̀rù náà ló pa á lẹ́nu mọ́. Ẹlòmíì tẹ́rù bá ń bà, á pariwo, á dì mọ́ èèyàn; ẹlòmíì á kàn dákẹ́ ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọkọ, kẹ́ ẹ tó bi í pé ta ló yàn, ẹ kọ́kọ́ bi í pé ṣé ẹ̀rù bà á. Ẹ̀yin ìyàwó, bẹ́ ẹ bá débi tẹ́ ẹ sá sí, ẹ tètè pe bàbá àwọn ọmọ yín. Agbófinró lè dúró sáàárín ìlú méjì, kò lè dúró sáàárín tọkọtaya.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.